Ọ́fíìsì Ìrọ̀rùn àti Sáírẹ̀nì Olóyè Ajíbóyè

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ tún ìjókòó ṣe. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ̀yìn ti nǹkan nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ òun.

Orúkọ náà ni Olóyè Dókítà Ọlámijùwọ́n Ajíbóyè. Ìlú tó ti joyè, a ò mọ̀ ọ́n. Dókítà yẹn ńkọ́? Kò fọwọ́ kan aláìsàn rí láyé rẹ̀, àfi ọjọ́ tó bọ olóṣèlú kan tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú lọ́wọ́. Láti òkè ni wọ́n ti gbé e wá bá wa létí òkun, wọ́n sì fún un ní ipò kan tí ẹ gbọ́dọ̀ fa èémí sínú kí ẹ tó kà á: Alákòóso Àgbà Pátápátá fún Mímú Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Àtúngbà Rọrùn fún Gbogbo Ará Ìlú ní Ẹkùn Etí Òkun Ìlàjẹ. Kò sí ẹni tó lè sọ gbogbo ìyẹn tán nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń ké, la bá kúkú ń pe ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ́fíìsì Ìrọ̀rùn.

Abẹ́rẹ́ àtúngbà ni èyí tí wọ́n máa ń fún ọmọ tó ti gba ti ìṣáájú, kí ara rẹ̀ má baà gbàgbé bó ṣe ń bá àrùn jà. Èyí tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí níbí, ti àrùn tó máa ń dí ọmọdé lọ́fun ni. Ọdún tó ṣáájú, àrùn náà pa ọmọ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, mi ò sì ní fi ṣe ẹ̀rín. Olóyè ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rín.

Kí ó tó dé, Nọ́ọ̀sì Tabitha nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sì sí ariwo kankan nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, á gbé kúlà abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ sí èbúté, á jókòó ti àwọn tó ń ta yìnyín ẹja, torí kò sí ọkọ̀ tí kò ní yà ra yìnyín. Ìyá á na ọmọ sí i látinú ọkọ̀, Nọ́ọ̀sì á gún un, á dá a padà, ọkọ̀ á máa lọ. Bí yìnyín inú kúlà rẹ̀ bá ń yọ́, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bu tiwọn kún un. Ìwé ọmọ iléèwé kan ló ń kọ orúkọ sí, orúkọ ọkọ̀ ló sì fi to àwọn ọmọ inú rẹ̀. Ọmọ tó bá sunkún, á fi àmì àgbélébùú kékeré síwájú orúkọ rẹ̀, kó lè rántí mú bisikíìtì dání fún un nígbà mìíràn.

Ẹni tí kò bá gbé etí òkun lè béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ orúkọ ọkọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, òkun ń jẹ ilẹ̀ lọ́dọọdún. Ilé tó wà níbí lónìí lè máà sí níbẹ̀ lẹ́yìn òjò, ẹni tó ni ín á tú pákó rẹ̀, á lọ kàn án mọ́ ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í pààrọ̀ orúkọ. Bí ẹ bá ń wá ìdílé kan láti Araromi dé Awoye, ẹ ṣáà béèrè ọkọ̀ wọn. Wọ́n á nawọ́ sí Olúwa Ló Mọ̀ fún yín, tàbí Ìyá Tọ́jú Mi, tàbí Má Fòyà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Olóyè wá sí Abereke, ìlú wa, ó bá èèyàn nílé, torí wọn ò tíì so sáírẹ̀nì mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Agbádá rẹ̀ gba àga méjì. Sunday, akọ̀wé rẹ̀, dúró tì í, ó ń fi ìwé fẹ́ ẹ. Ọmọ Abereke gan-an ni Sunday, ìyá rẹ̀ ṣì ń yan ẹja níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọ Ọ́fíìsì Ìrọ̀rùn ló ti ń wo omi bí ẹni tí kò rí omi rí.

Nọ́ọ̀sì Tabitha fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé rẹ̀ fún Olóyè. Olóyè ṣí i, ó kà á, ojú rẹ̀ fà ro.

"Nọ́ọ̀sì, kí ni Olúwa Ló Mọ̀?"

"Ọkọ̀ ni, sà. Ọmọ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀."

"Ìjọba ò mọ ọkọ̀," ni Olóyè wí. "Ìjọba mọ ilé. Láti òní lọ, ọmọ tí kò bá ní nọ́ḿbà ilé, mi ò mọ̀ pé wọ́n bí i."

Ọlọ́jà Ọlọ́rundáre, olórí wa, bàbá tí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún tipẹ́, gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè díẹ̀. "Olóyè, ulé tí mo kọ́ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ wo ibi tí àwọn ọma yẹn ń ju àwọ̀n sí. Ibẹ̀ ló wà."

Olóyè na ọrùn wo inú òkun. "Nọ́ḿbà mélòó ni?" ló béèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ má rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé Ọlọ́jà ń gbé nílé kẹrìnlá, Òpópónà Àkọ́kọ́, Abereke, níbi tó jẹ́ pé àkàn ló ń gbé ibẹ̀ báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá mú ìrọ̀rùn dé. Olóyè kó gbogbo abẹ́rẹ́ kúrò lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, ó tì í mọ́ fíríìjì ọ́fíìsì rẹ̀ ní Igbókòdá, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á á kọ lẹ́tà, á so fọ́tò méjì mọ́ ọn, á gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ Ọlọ́jà pé ọmọ náà wà láyé, á sì gbé ọmọ fúnra rẹ̀ wá ní ọjọ́ Tuesday, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, nígbà tí Olóyè bá ti jẹun tán. Ọmọ gbọ́dọ̀ wọ bàtà. Àwa tí à ń rìn lórí afárá pákó látàárọ̀ dalẹ́, tí àwọn mìíràn nínú wa tún wà nínú ìjọ tí wọn kì í ti í wọ bàtà rárá, a gbọ́ ìyẹn, a wo ẹsẹ̀ ara wa.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, wọn ò tíì ní gún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí ètò náà. Wọ́n sún ìṣíde síwájú nígbà àkọ́kọ́ torí agbádá Olóyè ò tíì kúrò lọ́dọ̀ télọ̀. Wọ́n sún un lẹ́ẹ̀kejì torí agbádá dé, fìlà ò dé. Ẹ̀ẹ̀kẹta, agbádá dé, fìlà dé, Olóyè wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní àwọn méjèèjì ò bára mu.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù lọ ni Moríkẹ́, tó ń yan edé tà. Òun ló ni Má Fòyà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ayọ̀mikún, ọmọ ọdún márùn-ún, ó sì ti tó àsìkò tí ó yẹ kí ó gba àtúngbà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n Moríkẹ́ ni. Moríkẹ́ ló gbé e dání lọ́jọ́ náà, òun ló gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń dún títí tí kò fi dún mọ́. Bí oṣù bá sì ti parí, Má Fòyà ń bá àwọn ọkọ̀ yòókù lọ pẹja lọ́nà jíjìn fún oṣù mẹ́fà, níbi tí kò sí nọ́ọ̀sì, tí kò sí kúlà, tí kò sí nǹkan kan àfi omi. Ó fẹ́ kí ọmọ òun gba abẹ́rẹ́ yìí kí àwọn tó lọ. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó kọ lẹ́tà. Ó ya fọ́tò. Ó yá bàtà ọmọ aládùúgbò, ó sì wa ọkọ̀ wákàtí mẹ́ta lọ sí Igbókòdá lọ́jọ́ Tuesday. Sunday gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì jọ wẹ̀ nínú odò kan náà ní kékeré ni.

"Nọ́ḿbà ilé, madam?"

"Sunday, ìwọ náà mọ ulé wa."

"Mo ní nọ́ḿbà ilé."

Olóyè fúnra rẹ̀ jáde nígbà náà, ó ń fi igi tín-ín-rín ta eyín. Moríkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Olóyè. Abẹ́rẹ́ wà nínú fíríìjì yẹn, mò ń rí i láti ibí. Ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Kí ló tún kù?"

"Ètò ló kù, ìyáàfin," ni Olóyè wí, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ti ẹni tó ń ṣàdúrà fún un. "Bí mo bá gún ọmọ rẹ lónìí láìsí ìṣíde, kí ni mo fẹ́ ṣí lọ́jọ́ ìṣíde? Ẹ máa lọ. Gbogbo ohun tí a ń ṣe yìí, kó lè rọrùn fún yín ni."

Moríkẹ́ wa ọkọ̀ wákàtí mẹ́ta padà. Ayọ̀mikún sùn lọ lórí apẹ̀rẹ̀ edé pẹ̀lú bàtà àyálò lẹ́sẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ jẹ́ kí n tètè dé ibi sáírẹ̀nì.

Wọ́n so ó mọ́ sípíìdì bóòtù Ọ́fíìsì Ìrọ̀rùn ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù náà. Olóyè ní kò bójú mu kí ẹni ńlá bí òun máa dé sí ìlú láìjẹ́ pé etí kọ́kọ́ gbọ́ kí ojú tó rí. Ohun tí kò mọ̀ ni pé gbogbo ọkọ̀ tó ní sáírẹ̀nì tó ti wá sọ́dọ̀ wa rí, kò sí ìkan tó gbé ire wá. Àwọn agbófinró tó ń lé àwọn tó ń jí epo kó ni. Bí wọn ò bá rí àwọn tí wọ́n ń lé, wọ́n á gba kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí apẹja fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, bí sáírẹ̀nì bá ti dún lójú omi, ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wa mọ ohun tí yóò ṣe. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ọkọ̀ gbogbo ti wọ inú igbó etí omi, ìlú ti dá páropáro.

Olóyè lọ sí Awoye, ó bá ọbẹ̀ lórí iná, kò bá èèyàn. Ó lọ sí Araromi, ó bá adìẹ mẹ́ta. Ó padà sí Abereke, ó bá Ọlọ́jà nìkan lórí àga, orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó lè sá. Ọlọ́jà ní òun ní ọ̀rọ̀ kan láti bá Olóyè sọ nípa ohun tó ń ké lórí ọkọ̀ rẹ̀ yẹn. Sunday ní ṣé Ọlọ́jà ti kọ lẹ́tà láti rí Olóyè.

Nínú ọkọ̀, Olóyè béèrè lọ́wọ́ Sunday. "Kí ló ń lé àwọn èèyàn yìí?"

Sunday mọ ìdáhùn náà dáadáa. Ìyá tirẹ̀ wà lára àwọn tó ń sá. Ó tẹrí ba.

"Ògo yín ni, sà. Ojú wọn ò lè gbà á."

Olóyè ronú sí i, ó rí i pé òótọ́ ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ ìròyìn olójú ewé mọ́kàndínlógún sí olú ìlú, pé àwọn ará etí òkun ń sá fún abẹ́rẹ́, pé ojú wọn ò tíì là, àti pé ó yẹ kí wọ́n fi kún agbára òun. Ìròyìn yìí ló mú Kọmíṣánnà fún ètò ìlera wá.

Dókítà Kòfowórọlá lorúkọ Kọmíṣánnà náà, dókítà gidi ni, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fi ìṣíde sí Abereke, ọjọ́ kan kí Má Fòyà tó gbéra. Nọ́ọ̀sì Tabitha ló rin ìlú káàkiri, ó ní kí gbogbo èèyàn gbé ọmọ wá, abẹ́rẹ́ ń bọ̀ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó tún fóònù sí Olóyè, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́, kí ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Olóyè ní ó ti yé òun. Ohun tó yé e ni pé kí wọ́n so sáírẹ̀nì kejì mọ́ àkọ́kọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èèyàn kún abẹ́ kánópì bámúbámú. Moríkẹ́ ti jókòó síwájú pátápátá láti aago mẹ́fà, Ayọ̀mikún lórí itan rẹ̀, káàdì lọ́wọ́. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, sáírẹ̀nì méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ojú òkun.

Nọ́ọ̀sì nawọ́ sókè, ó ní, "Olóyè ni, ẹ dúró." Ta ló máa dúró? Ó lè jẹ́ Olóyè. Ó sì lè jẹ́ àwọn agbófinró yẹn. Ẹni tó bá dúró wò ó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Kí ariwo tó dé èbúté, àwọn àga ti ṣófo.

Olóyè àti Kọmíṣánnà bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀, agbádá àti fìlà Olóyè bára mu nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Wọ́n gbé kúlà abẹ́rẹ́ tẹ̀lé e, títì ni, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn Olóyè. Olóyè wo igba àga tí kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́. Olóyè kọjú sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi ọ̀wọ́n tí ẹ tú yáyá tú yàyà jáde lónìí," ló kà. Sunday pàtẹ́wọ́. "Mo rí ayọ̀ lójú yín." Sunday tún pàtẹ́wọ́.

Kọmíṣánnà ò gbọ́ tirẹ̀. Ó ń rìn láàárín àwọn àga. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú nǹkan kan, ó tún mú òmíràn. Káàdì abẹ́rẹ́ ọmọdé ni wọ́n, wọ́n wà lórí àwọn àga káàkiri, àwọn mìíràn ti já bọ́ sílẹ̀.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná," ló wí. "Ẹ ní wọ́n ń sá fún abẹ́rẹ́. Ta ló ń sá fún abẹ́rẹ́ tó tún ń mú káàdì dání wá?"

Olóyè ní ìwà àìmọ̀kan ni. Kọmíṣánnà yíjú sí Ọlọ́jà Ọlọ́rundáre tó jókòó jẹ́jẹ́ lórí àga rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí i, ohun tí Olóyè ò ṣe rí. "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọma mi," ni Ọlọ́jà wí, "ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti fẹ́ sọ ọ́, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà." Ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún un, látorí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù dórí sáírẹ̀nì.

Kọmíṣánnà wo Sunday. "Ọmọ ibí ni ẹ́, mo gbọ́. Òótọ́ ni?"

Sunday wo Olóyè. Ó wo Kọmíṣánnà. Ó fi ojú díwọ̀n ẹni tó ju ẹnì kejì lọ nínú àwọn méjèèjì, ìdíwọ̀n náà ò sì gbà á lákòókò.

"Òótọ́ ni, mà. Èmi gan-an, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a tẹ sáírẹ̀nì yẹn, díẹ̀ ló kù kí n bẹ́ sómi."

Fìlà Olóyè yẹ̀ díẹ̀. Kò tún un ṣe.

"Báwo la ṣe máa rí wọn kó báyìí?" ni Kọmíṣánnà béèrè.

Nọ́ọ̀sì Tabitha dìde. Ó mú ìwé ọmọ iléèwé rẹ̀ jáde lábẹ́ ìró, ó rìn lọ sí ìparí afárá pákó, ó sì kọjú sí igbó etí omi.

"Olúwa Ló Mọ̀," ló pè.

Ewé mì. Imú ọkọ̀ kan yọ jáde, ọmọ mẹ́rin ló jókòó nínú rẹ̀.

"Ìyá Tọ́jú Mi."

Òun náà jáde. Nọ́ọ̀sì ń pè é lọ bẹ́ẹ̀, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, ọkọ̀ ń yọ láti ọ̀tún àti òsì, títí omi iwájú Abereke fi kún fún ọmọdé. Kọmíṣánnà yíjú sí Olóyè, ó na ọwọ́ sí i.

"Kọ́kọ́rọ́ kúlà."

"Ṣùgbọ́n ríbọ́ọ̀nù, Kọmíṣánnà, a ò tíì gé ríbọ́ọ̀nù."

"Olóyè. Kọ́kọ́rọ́."

Ó bọ́ ọ lọ́rùn.

Ọkọ̀ kan ló kù. Nọ́ọ̀sì pe Má Fòyà, kò sí ìdáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnì kan láti inú ọkọ̀ mìíràn ní òun rí i tó ń lọ, pé ọkọ Moríkẹ́ ní òun ò lè fi ẹ́ńjìnnì tuntun ṣeré, kí àwọn kúkú gbéra sójú òkun lónìí. Gbogbo ojú yí sí ojú òkun. Èmi náà, bí mo ṣe mọ ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí tó, àyà mi já.

Nọ́ọ̀sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó pẹ́ díẹ̀. Ìgbà tó yá, a gbọ́ àjẹ̀ nínú omi. Moríkẹ́ nìkan ló ń wa ọkọ̀ bọ̀ kíkankíkan, ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó káwọ́ gbera, ó hàn gbangba pé ẹjọ́ ti dá láàárín àwọn méjèèjì, kì í sì í ṣe òun ló jàre. Ayọ̀mikún ti dúró sí imú ọkọ̀, ó ti ká apá aṣọ sókè fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gún un, kò ṣẹ́jú. Ìyá rẹ̀ ló sunkún.

Kọmíṣánnà ò pariwo mọ́ Olóyè. Ó kàn sọ pé kí wọ́n tú sáírẹ̀nì méjèèjì kúrò, pé Nọ́ọ̀sì Tabitha ni yóò máa lo ọkọ̀ náà láti òní, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta yìnyín tàbí ibikíbi tó bá wù ú, àti pé kí wọ́n ti Ọ́fíìsì Ìrọ̀rùn pa kí nǹkan lè rọrùn. Ó wá rántí nǹkan kan. "Olóyè, àgbàlagbà náà ń gba abẹ́rẹ́ yìí, pàápàá ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Káàdì yín dà?"

Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú àpò agbádá. Àpò náà jìn, ṣùgbọ́n kò sí káàdì níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Olóyè Dókítà tò sẹ́yìn àwọn ọmọdé. Nígbà tó kàn án, Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé rẹ̀, ó mú bírò.

"Ọkọ̀ wo, sà?"

"Mi ò ní ọkọ̀," ni Olóyè wí lóhùn kékeré. "Èyí tí mo ní, wọ́n ti gbà á."

"Mi ò lè kọ ẹni tí kò ní ọkọ̀, sà. Kò sí ibi tí mo máa kọ ọ́ sí."

Olóyè wo òkun, ó wo Sunday. Sunday ti ń fi ìwé fẹ́ Kọmíṣánnà. Moríkẹ́ ló gbẹ́nu sí i látẹ̀gbẹ́ kan, níbi tó ti ń to apẹ̀rẹ̀ edé sínú ọkọ̀ láti lọ ra yìnyín àti epo ìrìn àjò ní Igbókòdá.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ ọ́ sí tèmi. Èmi náà kúkú ni yóò gbé e délé."

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Tabitha, ẹni tó bá fẹ́ rí i lè lọ bá a ní èbúté lọ́jọ́ ọjà. Lábẹ́ Má Fòyà, orúkọ méjì ló wà níbẹ̀: Ayọ̀mikún, ọmọ ọdún márùn-ún, àti Ọlámijùwọ́n Ajíbóyè, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni àmì àgbélébùú kékeré wà níwájú orúkọ rẹ̀. Ayọ̀mikún ló mú bisikíìtì náà fún Olóyè nínú ọkọ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó dé Igbókòdá.